Bí ìjọ tuntun ṣe máa dá dúró kí owó ìrànwọ́ tó tán

Ẹ ti gbàdúrà, ẹ ti gbààwẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì (àwùjọ ìjọ tó ń ran ìjọ tuntun lọ́wọ́) ti fọwọ́ sí i, owó ti wọ akáńtì, ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ họ́ọ̀lù kún dẹ́múdẹ́mú. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà owó ìrànwọ́ ti tán, owó họ́ọ̀lù ò ṣeé san mọ́, pásítọ̀ ti padà sídìí iṣẹ́ alẹ́, àwọn tó kù lórí àga ò ju méjìlá lọ. Mo ti jókòó ti ìwé owó ìjọ tuntun tó pọ̀ díẹ̀, nígbà míì bí akápò, nígbà míì wọ́n kàn ní kí n wá bá àwọn wò ó ni, ohun tí mo sì ń rí léraléra ni pé kì í ṣe àìrówó gbà ló pa wọ́n. Wọn ò ka ọjọ́ tí owó yẹn máa tán ni. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dà bí ìyá tó di ọwọ́ ọmọ mú kó lè kọ́ ìrìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́, ó máa fi ọwọ́ yẹn sílẹ̀ dandan, ó ti sọ bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó tiẹ̀ kọ ọjọ́ ẹ̀ sínú lẹ́tà tẹ́ ẹ fọwọ́ sí.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ dá ìjọ sílẹ̀ ní England, yálà abẹ́ Redeem lẹ wà ni o, abẹ́ CAC, abẹ́ Baptist, tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn òyìnbó tó ń ran ìjọ tuntun lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Scotland tàbí Northern Ireland, òfin charity (ẹgbẹ́ aláàánú, ibẹ̀ ni òfin ka ìjọ sí) tiyín yàtọ̀, ẹ mú apá tó kan owó àti èèyàn nìkan.

Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó tọrọ kọ́bọ̀

- Àgbà mẹ́wàá sí méjìlá tí wọ́n ti fẹnu ara wọn sọ pé àwọn máa bá yín lọ, kì í ṣe àwọn tẹ́ ẹ rò pé wọ́n á tẹ̀ lé yín
- Ó kéré tán èèyàn mẹ́ta tó lè jẹ́ trustee (àwọn tí òfin mọ̀ bí alábòójútó charity), tí gbogbo wọn kì í ṣe ẹbí pásítọ̀
- Lẹ́tà ìyá ìjọ yín, ìyẹn ìjọ tó bí yín, tó sọ pé àwọn ló rán yín
- Akápò kan tó mọ̀wé owó, tí kì í ṣe pásítọ̀, tí kì í ṣe ìyàwó pásítọ̀
- Bọ́jẹ̀ẹ̀tì ọdún mẹ́rin (mo mọ̀ pé ọdún mẹ́ta ni wọ́n máa ń béèrè, ẹ ṣe mẹ́rin)
- Ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ ààbò àwọn ọmọdé máa wà lọ́wọ́ ẹ̀
- Ìwé gbèsè yín fúnra yín, gbogbo ẹ̀, títí kan credit card

Bí èyí èkejì tàbí ìkẹrin ò bá tíì sí, ẹ dúró ná. Mo ti rí ìjọ tó bẹ̀rẹ̀ láìní akápò, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé owó ọrẹ ń wọ akáńtì pásítọ̀ fún oṣù mọ́kànlá, kò jalè o, èèyàn Ọlọ́run ni, ṣùgbọ́n nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní kó mú ìwé wá, kò lè fi owó oúnjẹ ilé ẹ̀ hàn yàtọ̀ sí owó ìjọ, bí ìrànwọ́ yẹn ṣe dúró nìyẹn.

Ìpele 1: Ẹ mọ irú owó tí wọ́n fẹ́ fún yín

Gbogbo ẹ̀ la máa ń pè ní ìrànwọ́ ṣùgbọ́n wọn ò jọra.

Ẹ̀bùn wà, wọn ò ní gbà á padà, àmọ́ wọ́n lè sọ ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi ṣe. Owó tí wọ́n bá fún yín fún keyboard àti maikirofóònù, ẹ ò lè fi san họ́ọ̀lù, bó ti wù kí ebi họ́ọ̀lù máa pa yín tó, ọ̀tọ̀ lẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé títí tó fi máa tán. Ẹ̀yáwó láìsí èlé wà, tí ẹ máa dá padà díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè gbé e fún ìjọ mìíràn. Èyí tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ mú tiyín wá káwọn náà fi iye kan náà kún un wà, ìyẹn ló dáa jù lójú tèmi torí ó ń fi ipá kọ́ àwọn ará láti dáwó kí ìjọ tó ṣí. Owó oṣù pásítọ̀ wà, èyí tó ń dín kù lọ́dọọdún títí tó fi di òfo. Ìyẹn ló wọ́pọ̀ jù, ìyẹn náà ló ń gbé èèyàn ṣubú jù.

Lẹ́yìn náà ohun tí kì í ṣe owó: ìdánilẹ́kọ̀ọ́, pásítọ̀ àgbà tó ń pè yín lóṣooṣù, ẹni tó ń bá yín ṣe ìwé owó, àti àwọn èèyàn. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ mú ọ̀kan, ẹ mú èèyàn. Ìdílé mẹ́rin tí ìyá ìjọ yọ̀ǹda fún yín, tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ń mú £200 wá lóṣù, £9,600 nìyẹn lọ́dún kan, ọdún tó ń bọ̀ á tún wà níbẹ̀, wọ́n á sì tún máa to àga, wọ́n á máa kọ́ ọmọdé. Ẹ̀bùn £10,000 ò lè to àga.

Ẹ tún béèrè ibi tí owó yẹn ti ń wá, torí ibi tó ti ń wá ló máa sọ ẹni tẹ́ ẹ máa jíhìn fún. Àwọn Southern Baptist ní Amẹ́ríkà, láti 1925 ni àwọn ìjọ wọn ti ń kó owó pa pọ̀ sínú ohun tí wọ́n ń pè ní Cooperative Program, wọ́n tún ní ọrẹ àsìkò Àjíǹde tí wọ́n fi orúkọ Annie Armstrong pè, tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń dá ìjọ sílẹ̀ ní North America. Owó ará tó wà ní abúlé kan ní Alabama nìyẹn, kì í ṣe owó ọ̀gá kan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fẹ́ ìròyìn lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́. Ní Redeem ó sábà máa ń jẹ́ pé parish kan ló máa bí òmíràn, ìyá ló ń gbé ọmọ pọ̀n, àwọn tẹ́ ẹ máa jíhìn fún mọ orúkọ yín, wọ́n mọ ilé yín.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe: wọ́n á fọwọ́ sí lẹ́tà láìbéèrè ìdá mélòó nínú owó tó ń wọlé ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa gbà padà, àti láti oṣù wo. Wọn kì í sì béèrè ta ló ni ohun èlò orin àti owó tó kù bí ìjọ bá kúrò lábẹ́ wọn lọ́la. Ẹ béèrè ẹ̀ nígbà tí ìfẹ́ ṣì wà. Ẹ gba ìdáhùn ẹ̀ sórí ìwé.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: Akápò yín lè kọ sórí ìwé kan ṣoṣo iye tó ń bọ̀, ọjọ́ tó ń bọ̀, ohun tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fi ṣe, ọjọ́ tó máa tán, àti iye tẹ́ ẹ máa dá padà. Bí ìlà kan bá ṣófo, ẹ padà lọ béèrè.

Ìpele 2: Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Kí wọ́n tó gbé owó sílẹ̀, wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò, ọ̀pọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń pe tọkọtaya pa pọ̀. Àwọn èèyàn wa máa ń rò pé ìwàásù ni wọ́n fẹ́ gbọ́, wọ́n á múra ìwàásù lọ bí ẹni ń lọ convention. Ìbéèrè tí wọ́n máa bi yín ni: ta lẹ ti kó jọ rí láìsí ẹni tó rán yín? Ìgbéyàwó yín ńkọ́? Gbèsè yín ńkọ́? Nígbà tí alága ìjọ yín sọ fún yín pé rárá, kí lẹ ṣe?

Ẹ sọ òótọ́ nípa gbèsè. Gbèsè fúnra ẹ̀ kọ́ ló ń lé èèyàn padà, ìpamọ́ ẹ̀ ni. Ẹ̀yin ìyàwó pásítọ̀, bẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ọkàn yín ò sí níbẹ̀, ẹ sọ ọ́ níbẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí ọmọ mẹ́ta bá wà nílẹ̀ àti ìpàdé àdúrà mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀, ó ń dun èèyàn láti sọ ọ́ ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí ìjọ àti ilé ti jọ dàrú lọ́dún kan náà.

Wọ́n máa béèrè ìdí tó fi jẹ́ àdúgbò yẹn. "Ọlọ́run ló rán wa" tó fún ẹ̀yin, kò tó fún ìgbìmọ̀. Ìwádìí tí Yunifásítì Roehampton gbé jáde ní 2013 ka ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú 240 nínú Southwark ní London nìkan, ẹ̀gbẹ́ Old Kent Road lọ̀pọ̀ nínú wọn wà. Ẹ ò lè jókòó síwájú ìgbìmọ̀ kẹ́ ẹ sọ pé kò sí ìjọ níbẹ̀. Redeem fúnra wọn gbé e kalẹ̀ pé nílẹ̀ bí England ìjọ gbọ́dọ̀ wà níbi tí mọ́tò máa gbé èèyàn dé ní ìṣẹ́jú márùn-ún, mo sì fẹ́ràn ìtara yẹn dáadáa, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá lọ dá ìjọ sí ìṣẹ́jú márùn-ún sí parish míì, ará ọ̀hún lẹ máa pín, kì í ṣe ará tuntun lẹ máa rí.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: Ẹ sọ ìdí àdúgbò yín fún ẹnì kan tí kì í ṣe Kristẹni, ní gbólóhùn mẹ́ta. Bó bá yé e, ó ti tó.

Ìpele 3: Bọ́jẹ̀ẹ̀tì ọdún mẹ́rin

Ibí ni iṣẹ́ wà, ẹ má sáré níbí. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é, èmi ni mo fi iye sí i, ẹ fi tiyín rọ́pò ẹ̀.

Ọdún kìíní: họ́ọ̀lù £60 wákàtí kan, wákàtí mẹ́rin lọ́jọ́ Sunday, ọ̀sẹ̀ 52, ó di £12,480. Pásítọ̀ tó ń fi ààbọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣiṣẹ́ ìjọ, £12,000. Ohun èlò orin, ẹ̀ẹ̀kan péré, £5,000. Ìnṣọ́ráńsì £600. Iṣẹ́ ọmọdé £1,000. Ìwàásù ìta àti ìtọ́jú àlejò £2,400. Àròpọ̀ £33,480.

Àgbà 12 ń mú £80 wá lóṣù, ìyẹn £11,520 lọ́dún. Mẹ́jọ nínú wọn fọwọ́ sí Gift Aid (owó tí ìjọba ń fi kún ọrẹ ẹni tó ń san owó orí, a máa débẹ̀), ìyẹn mú £1,920 wá. Ẹ ní £13,440. Ó ku £20,040. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbé £12,000 sílẹ̀, ìyá ìjọ gbé £8,000, ó ku £40, inú gbogbo èèyàn ń dùn, ẹ ń dúpẹ́.

Ọdún kejì ẹ ò ra ohun èlò orin mọ́, ìnáwó di £28,480. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí £7,000, ìyá ìjọ sí £4,000. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara yín mú £17,480 wá. Ọdún kẹta nẹ́tíwọ́ọ̀kì £3,500, ìyá ìjọ ti ṣe tán, ẹ̀yin £24,980. Ọdún kẹrin, £28,480 gbogbo ẹ̀ di tiyín.

Ó yá, ẹ sọ pé Ọlọ́run bù sí i, ẹ di àgbà 25, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fọwọ́ sí Gift Aid. £24,000 àti £3,600, ó jẹ́ £27,600. Lọ́dún kẹta ó tó, ó tiẹ̀ ṣẹ́ kù. Gbogbo èèyàn á sọ pé ìjọ ti dúró. Lọ́dún kẹrin, owó yín ti fi £880 dín. Ibi tí ọ̀pọ̀ ò wò rárá tún nìyí: bí ìdá mẹ́wàá ọrẹ bá gbọ́dọ̀ lọ sókè sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, £2,400 nìyẹn, gbèsè yín di £3,280. Ìjọ tí ẹnikẹ́ni ò ṣẹ̀ nínú ẹ̀, tí èèyàn ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀, ó kú.

Bí wọ́n bá jẹ́ àgbà 30, ogún nínú wọn lórí Gift Aid, £28,800 àti £4,800 jẹ́ £33,600, ẹ yọ £2,880 tó ń lọ sókè, ó ku £30,720, ìnáwó £28,480, ẹ ní £2,240 nílẹ̀ fún ọdún tí họ́ọ̀lù bá fowó kún un. Nọ́ńbà tiyín nìyẹn: àgbà 30 kí ọdún kẹta tó parí. Ẹ kọ ọ́ síbi tí ẹ ti ń ṣàdúrà. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe: wọ́n máa ń ka gbogbo orí tó wà nínú ìjọ, wọ́n á ní "a ti di ọgọ́ta." Ọmọdé mẹ́tàlélógún wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá wà níbẹ̀ tí owó ilé ìwé ń dà láàmú. A fẹ́ràn gbogbo wọn, ẹ má jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan rò pé nítorí owó la ṣe pè é wá, ṣùgbọ́n nínú bọ́jẹ̀ẹ̀tì ẹ ka àwọn tó ń dáwó lóṣooṣù nìkan.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: Ẹ nu ìlà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kúrò pátápátá nínú ọdún kẹrin. Ṣé ó ṣì dúró? Bí kò bá dúró, ẹ dín ìnáwó ọdún kìíní kù báyìí, họ́ọ̀lù tó kéré, wákàtí mẹ́ta dípò mẹ́rin, kí ẹnikẹ́ni tó mọ́ ọn lára.

Ìpele 4: Charity, trustee àti báńkì

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè wà lábẹ́ charity ìyá ìjọ, ẹ ò ní nílò láti forúkọ sílẹ̀ fúnra yín, àwọn trustee wọn ló ń dáhùn fún yín, ẹ sì lè fi ọdún kan tàbí méjì ṣe é bẹ́ẹ̀. Tàbí kẹ́ ẹ dá tiyín sílẹ̀ lọ́dọ̀ Charity Commission, àjọ ìjọba tó ń bójú tó charity, èyí tó sì bá ìjọ tuntun mu jù ni CIO (Charitable Incorporated Organisation, charity tí òfin kà sí ẹni kan lọ́tọ̀), torí CIO ló máa gba ilé, tó máa jẹ gbèsè, kì í ṣe orúkọ yín. Bẹ́ ẹ bá kàn jẹ́ ẹgbẹ́ lásán tí kò ní irú ìforúkọsílẹ̀ yẹn, àwọn trustee ló máa fi ara wọn san gbèsè họ́ọ̀lù bí nǹkan bá dàrú. CIO ò ní iye owó tó gbọ́dọ̀ wọlé kó tó lè forúkọ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ charity yòókù ló di dandan fún nígbà tí owó tó ń wọlé lọ́dún bá ti kọjá £5,000. Àwòṣe ìwé òfin CIO wà fún gbogbo èèyàn lọ́dọ̀ Commission, ẹ má lọ san owó fún ẹnikẹ́ni pé kó kọ ọ́.

Nínú fọ́ọ̀mù wọ́n máa béèrè bí iṣẹ́ yín ṣe máa ṣe gbogbo aráàlú láǹfààní. Bẹ́ ẹ bá kọ ọ́ bí ẹni pé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan lẹ fẹ́ dá sílẹ̀, wọ́n máa fi ìbéèrè dá a padà, ọ̀pọ̀ oṣù lè lọ lórí ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kẹ́ ẹ sì ṣe é bẹ́ẹ̀ lóòótọ́.

Ìkìlọ̀ tó tóbi jù ní ìpele yìí: trustee charity kì í gba owó oṣù lọ́wọ́ charity náà àfi bí ìwé òfin ìjọ tàbí Commission bá fàyè gbà á. Pásítọ̀ tó jẹ́ alága trustee, tó tún ń gba owó oṣù, tí ìyàwó ẹ̀ jẹ́ akápò, wàhálà ni. Nílé ó lè dà bí nǹkan tó yẹ, bàbá ló ni ìjọ, níbí rárá. Bí pásítọ̀ bá máa gba owó oṣù, ẹ rí i pé ìwé òfin gbà á láyè, kí àwọn trustee tí kì í ṣe ẹbí ẹ̀ pọ̀ jù, kó sì bọ́ síta nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ owó ẹ̀. Owó yẹn sì gba PAYE (ètò tí wọ́n fi ń yọ owó orí lára owó oṣù) kọjá, kì í ṣe inú àpòòwé. Bó bá jẹ́ físà ni pásítọ̀ fi wà níbí, ẹ yẹ ohun tí físà ẹ̀ gbà á láyè láti ṣe wò kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, torí òun ni wọ́n máa lé lọ, kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Báńkì máa ń pẹ́ gan-an kó tó ṣí akáńtì charity. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní kété tí nọ́ńbà charity bá ti jáde. Èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ máa fọwọ́ sí owó, wọn ò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ tọkọtaya.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: Ẹ tẹ orúkọ ìjọ sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ Charity Commission lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó jáde. Ẹ gbìyànjú kí ẹnì kan ṣoṣo fi £1 ránṣẹ́ láti akáńtì ìjọ, kò lọ.

Ìpele 5: Ibi ìjọsìn

Họ́ọ̀lù ilé ìwé ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe torí pé ó rẹwà. Láti 1 September 2020, ilé ìwé àti ilé ìjọsìn ti jọ wà nínú kíláàsì F1 ní òfin ìlò ilé ní England, ọ̀rọ̀ káńsù sì máa rọrùn fún yín. Ilé ìkẹ́rùsí tó wà ní industrial estate, tí rẹ́ǹtì ẹ̀ kéré tó ń fa ojú wa mọ́ra yẹn, kíláàsì B8, ti ìkẹ́rùsí, ni. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ káńsù pé ẹ máa yí ìlò ẹ̀ padà, wọ́n sì lè kọ̀, torí wọ́n fẹ́ kí ibi iṣẹ́ wà fún iṣẹ́.

Mo mọ ìjọ kan tó fọwọ́ sí ìwé ilé ìkẹ́rùsí fún ọdún márùn-ún, wọ́n kun ògiri, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n náwó ìrànwọ́ ọdún méjì sí i, káńsù sì ní kí wọ́n dá a dúró. Rẹ́ǹtì ọdún mẹ́ta tó kù ṣì wà lọ́rùn wọn. Obìnrin kan tó jẹ́ trustee fi owó tó fẹ́ fi sin ìyá ẹ̀ dá sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ sí ìwé ilé kankan kí àṣẹ káńsù tó jáde, tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ẹ̀ pé bí káńsù bá kọ̀, àdéhùn náà ti tú. Kí ìlà kan sì wà níbẹ̀ tó gbà yín láyè láti jáde kí ọdún tó pé, ẹ fi ọjọ́ ẹ̀ sí oṣù tí owó nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa tán. Bí lándílọ́ọ̀dù bá ní kí pásítọ̀ fi orúkọ ara ẹ̀ dúró fún rẹ́ǹtì, ẹ kọ̀.

Bẹ́ ẹ bá gba ilé tiyín, ẹ lọ forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ bí ilé ìjọsìn lábẹ́ òfin 1855, ọ̀dọ̀ registrar àdúgbò lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ilé ìjọsìn gbogbo èèyàn kì í san business rates (owó orí lórí ilé tí kì í ṣe ilé ibùgbé). Mo ti rí àwọn tó san án fún ọdún méjì láìmọ̀.

Ariwo ńkọ́. Káńsù lè fi òfin ààbò àyíká ti 1990 dá yín lẹ́kun. Ẹ gbé vigil lọ síbi tí kò sí ilé ibùgbé, tàbí kẹ́ ẹ ṣe é láìlo spíkà, Ọlọ́run ń gbọ́. Ẹ kí àwọn aládùúgbò kí ọjọ́ àkọ́kọ́ tó pé, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà fóònù ẹnì kan tí wọ́n lè pè bí ọ̀ràn bá wà.

Ìnṣọ́ráńsì fún ará ìta di dandan bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ilé ìwé gbà yín, bẹ́ ẹ bá sì ti gba ẹnì kan síṣẹ́, èyí tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́ di dandan lábẹ́ òfin. Àwọn tó ń kọ́ ọmọdé, kí wọ́n ṣe DBS (àyẹ̀wò ìjọba bóyá èèyàn ti dá ọ̀ràn rí) kí wọ́n tó jókòó ti ọmọ ẹnikẹ́ni, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí kì í gba owó, Thirtyone:eight, àjọ Kristẹni tó ń rí sí ààbò, máa ń ran ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ lórí ẹ̀. Ẹni tó bá bínú pé ẹ ní kóun ṣe DBS, kí ó máa ki àlejò káàbọ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: Ìwé mẹ́rin wà nínú fáìlì kan: àṣẹ tàbí lẹ́tà káńsù, àdéhùn họ́ọ̀lù, ìnṣọ́ráńsì, àkọsílẹ̀ DBS. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè béèrè ẹ̀ lọ́jọ́ kankan.

Ìpele 6: Gift Aid

Owó yìí ń sùn sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa. Bí ẹni tó ń san owó orí níbí bá fi £100 tọrẹ, tó sì ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, HMRC, àjọ owó orí ìjọba, máa fi £25 kún un fún ìjọ. Fọ́ọ̀mù náà ò le: orúkọ, àdírẹ́sì ilé, orúkọ charity, àti gbólóhùn pé òun ń san owó orí tó tó. Ó lè kan ọrẹ ọdún mẹ́rin sẹ́yìn pàápàá. Ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí wọ́n máa kọ ọ́ sára àpòòwé ìdámẹ́wàá, tàbí kí wọ́n máa fi báńkì ránṣẹ́, èyí tó dáa jù. Ẹ tọ́jú ìwé ẹ̀ fún ọdún mẹ́fà.

Owó tó já sínú agbọ̀n ọrẹ láìlórúkọ ńkọ́? Òmíràn wà fún ìyẹn, ọrẹ £30 tàbí tó kéré sí i, owó ọwọ́ tàbí káàdì tí wọ́n kàn fi kàn án, ẹ lè gba ti £8,000 lọ́dún, ìyẹn £2,000 wọlé. Ṣùgbọ́n lọ́dún owó orí kan náà, Gift Aid tẹ́ ẹ gbà gbọ́dọ̀ wà lórí ọrẹ tó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ẹ̀, ìyẹn £800 fún £8,000.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe: wọ́n á pín fọ́ọ̀mù fún gbogbo èèyàn lọ́jọ́ Sunday, akẹ́kọ̀ọ́ àti màmá tó ń bá ọmọ tọ́jú ọmọ á fọwọ́ sí i torí pásítọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí owó orí ẹ̀ ò tó iye tí HMRC san, òun ni wọ́n máa ní kó dá a padà. Ẹ ṣàlàyé ẹ̀ ní Yorùbá kí màmá lè gbọ́, kẹ́ ẹ sì sọ pé kò sí ìtìjú nínú kéèyàn má fọwọ́ sí i. Jọ̀lọ́ọ̀fù tí èèyàn rà níbi harvest kì í ṣe ọrẹ o, ọjà ni, kò wọ inú Gift Aid.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: Ẹ gba ti oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kékeré lásán. Nígbà tí owó HMRC bá wọlé, tí akápò sì lè tọ́ka sí orúkọ tí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan ti wá, ó ti ń ṣiṣẹ́.

Ìpele 7: Ìròyìn, àti ìjáwọ́

Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta ẹ fi ojú ìwé méjì ránṣẹ́ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí wọ́n tó béèrè: iye tó wọlé, iye tó jáde, àgbà mélòó ló ń dáwó lóṣooṣù, ta ló gba Jésù, ta ló kúrò àti ìdí tó fi kúrò. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni wọ́n máa ń fi pamọ́. Ẹ má fi pamọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó bá mọ̀ ní oṣù kẹjọ pé ìdílé mẹ́ta ti kúrò, á lè ran yín lọ́wọ́, ó lè rán olórin tàbí pásítọ̀ àgbà wá fún oṣù kan. Èyí tó gbọ́ ọ ní oṣù kẹrìnlélógún ò ní nǹkan kan tó lè ṣe mọ́.

Láti oṣù kejìdínlógún ẹ máa gbé ìdá díẹ̀ nínú owó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ́tọ̀ bí ẹni pé kò dé. Bí wọ́n bá fi £580 ránṣẹ́ lóṣù, ẹ ná £400, kẹ́ ẹ sì fi £180 pamọ́, títí ìpamọ́ yẹn á fi tó owó họ́ọ̀lù oṣù mẹ́ta. Ó máa dun yín, àwọn ará á ní kí ló dé tí keyboard ò fi dáa. Ẹ ṣí ìwé owó fún wọn, gbogbo ẹ̀, kí wọ́n rí ọjọ́ tó ń bọ̀. Níbi tí mo ti rí i tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ará ni wọ́n fẹnu ara wọn sọ pé àwọn máa fi kún un. Níbi tí wọ́n ti fi pamọ́, wọ́n rò pé owó òyìnbó ò ní tán láéláé.

Lọ́dún àkọ́kọ́ pàápàá, ẹ fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìjọ tuntun míì, ì báà jẹ́ £20 lóṣù. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ Sunday school mọ orúkọ ìjọ yẹn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: Oṣù mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn, akápò ka owó wọlé láìka ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó sì san họ́ọ̀lù, owó oṣù àti èyí tó ń lọ sókè láìfọwọ́ kan ìpamọ́. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ ku oṣù mélòó kan lórí lẹ́tà, ẹ pe nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n gbé èyí tó kù fún ìjọ tó wà lẹ́yìn yín.